Ìbẹ̀wò Wa sí Thomas Estate ní Ajah, àti Ohun tí Omi Kọ́ Wa Níbẹ̀

Ó ti pẹ́ tí a ti ṣe ìlérí fún opó ọ̀rẹ́ wa kan, ẹni tí ó ti sùn nínú Olúwa, pé a ó wá bẹ̀ ẹ́ wò ní ilé rẹ̀ ní Thomas Estate, ní Ajah, ní ìhà ìlà-oòrùn Èkó. Nínú oṣù Keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ láìdá, a mú ìlérí náà ṣẹ. Ohun tí a rí àti ohun tí a gbọ́ níbẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún yín, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Yaba ni a ti wọ ọkọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ọkọ̀ náà gba Adékúnlé bọ́ sí orí afárá tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Third Mainland. Ẹ̀yin tí ń gbé Èkó mọ̀ ọ́n: afárá tí a ṣe parí ní ọdún 1990, tí gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 11, tí ó sì nà sórí ọ̀sà bí ejò tí ń yá oòrùn. Bí a ti gun orí omi, ìyá àgbàlagbà kan tí ó jókòó níwájú wa di ojú rẹ̀ pinpin, ó gbá irin ìjókòó mú, ètè rẹ̀ sì ń mì láìdákẹ́. Ó dá wa lójú pé àdúrà ni ó ń gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó tì í, ó ti sùn lọ fọnfọn, ó sì ń hanrun. Nígbà tí a dé òdì kejì, àwọn méjèèjì ni wọ́n jùmọ̀ gúnlẹ̀. A rẹ́rìn-ín nínú ara wa, a kò sì mọ̀ pé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú tán, a ó tún rántí ìyá náà.

Lẹ́yìn tí a ti la Victoria Island kọjá, a bọ́ sí ọ̀nà ńlá tí ó lọ sí Ẹ̀pẹ́, èyí tí a kọ́kọ́ là ní àwọn ọdún 1980. Ilẹ̀ tóóró ni ilẹ̀ náà: òkun wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà sì wà ní àríwá rẹ̀. Bí ènìyàn bá gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, kò ní gbẹ́ ẹ jìnnà kí ó tó kan omi. Ọ̀pọ̀ ibi tí ó jẹ́ irà ní ìgbà àtijọ́ ni a ti fi yanrìn dí, tí a sì kọ́ ilé ńláńlá lé lórí. A kọjá Jakande, a kọjá Ìgbó-Ẹfọ̀n, a kọjá Ikota, títí a fi rí afárá oríta Ajah, èyí tí a ṣí ní ọdún 2017 kí ọkọ̀ lè máa rí ọ̀nà lọ.

Ẹni tí ń ka ìròyìn yóò rántí pé ní oṣù Keje ọdún 2017 kan náà, àti ní oṣù Keje ọdún 2024, òjò ńlá mú kí omi bo ọ̀pọ̀ òpópó ní agbègbè Lekki. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀. A ti kọ́ ilé sí ọ̀pọ̀ ibi tí omi ń gbà lọ tẹ́lẹ̀. Ìdọ̀tí a máa dí gọ́tà. Bí ọ̀sà bá sì ti kún, omi òjò kì í rí ibi tí yóò dà sí. Omi kò mọ ilé olówó yàtọ̀ sí ilé tálákà, kò sì mọ ilé onígbàgbọ́ yàtọ̀ sí ilé ẹlòmíràn.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni nígbà tí a wọ Thomas Estate. Ní òpópó tí ilé ìyá wa wà, omi mù wá dé ọrùn ẹsẹ̀. A bọ́ bàtà, a ká ṣòkòtò sókè, a sì ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà bí afọ́jú. Àwọn ọmọdé ń fi bébà ṣe ọkọ̀, wọ́n ń tì í lọ sórí omi pẹ̀lú ariwo ayọ̀. Obìnrin kan tí ń kiri búrẹ́dì gbé igbá rẹ̀ lé orí, ó ń fi ọwọ́ kan ká aṣọ rẹ̀, ó sì ń polówó lọ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìró ẹ̀rọ amúnáwá ń dún láti ilé dé ilé.

Ìyá wa fi ayọ̀ gbà wá. Ó gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín síwájú wa, ó sì béèrè àlàáfíà gbogbo ará ilé wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ojú wa kò lè ṣàì rí ohun tí ó wà níbẹ̀. Àpá omi wà lára ògiri pálọ̀, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan. A ti gbé ẹsẹ̀ àwọn àga lé orí búlọ́ọ̀kù. Bíbélì ọ̀rẹ́ wa àti ìwé orin rẹ̀, tí ó máa ń wà lórí tábìlì kékeré nígbà ayé rẹ̀, ti gun orí kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni ó fi kọ́ ilé náà, ọdún méjì péré ni ó sì gbé inú rẹ̀ kí Olúwa tó pè é.

Nígbà tí a jẹun tán, ìyá wa wí pé, “Alàgbà, ẹ̀yin ni ẹ mọ ọkọ mi dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun kan, ẹ má sì fi ṣe mí ní ẹ̀rín. Ṣé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó ni?”

A ní kí ó sọ tinú rẹ̀. Ó wí pé ní ọdún tí ó ṣáájú, nígbà tí omi kọ́kọ́ wọ ilé, ẹnìkan sọ fún un ní ìpàdé àdúrà pé omi kò lè tẹ ilé tí ìgbàgbọ́ bá kún. Ó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní gbé ọwọ́ lé ohunkóhun, kí Ọlọ́run nìkan lè gba ògo. Òjò dé, omi sì wọlé, ó tilẹ̀ ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Láti ìgbà náà ó ń lọ sí ilé Ọlọ́run, ó ń kọrin, ó ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní ìjókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ti mú bíríkìlà wá láti gbé ẹnu ọ̀nà àti ilẹ̀ pálọ̀ sókè, kí wọ́n sì la ọ̀nà fún omi láti ẹ̀yìnkùlé dé inú gọ́tà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá rẹ̀ dá bíríkìlà náà padà.

“Màmá,” ni ọmọ náà wí jẹ́jẹ́, “n kò ní kí ẹ má gbàdúrà.”

“Mo gbọ́, ọmọ mi,” ni ìyá dáhùn. “Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ kí bíríkìlà wọlé, ṣé kì í ṣe pé mo ti sọ fún Ọlọ́run pé n kò retí Rẹ̀ mọ́?”

Ní alẹ́, nígbà tí a pé jọ fún àdúrà ìdílé, a ní kí ọmọ náà ka Ìhìnrere Mátíù orí 14, láti ẹsẹ̀ 22 títí dé ẹsẹ̀ 33. Ìtàn tí gbogbo wa ti mọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni: bí Olúwa wa ti rìn lórí òkun Gálílì, àti bí Pétérù ti fẹ́ rìn tọ̀ Ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ kí ènìyàn ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní ibi gbígbẹ, ó sì yàtọ̀ kí ó kà á ní pálọ̀ tí ẹsẹ̀ àga wà lórí búlọ́ọ̀kù.

Adágún ni òkun Gálílì, bí a tilẹ̀ ń pè é ní òkun. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 21, ìbú rẹ̀ sì tó 13. Ó wà nínú kòtò tí ó fi ohun tí ó lé ní mítà 200 rẹlẹ̀ ju ojú òkun ńlá lọ, òkè sì yí i ká. Ìdí nìyí tí ìjì fi lè sọ̀kalẹ̀ sórí rẹ̀ lójijì. Àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ ní òru ọjọ́ náà kì í ṣe òpè. Apẹja wà nínú wọn, tí wọ́n ti mọ omi náà láti kékeré. Síbẹ̀ afẹ́fẹ́ dojú kọ wọ́n, wọ́n sì wakọ̀ títí di ìṣọ́ kẹrin òru, nígbà tí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́.

A bi ìyá wa pé, “Ta ni ó rán wọn wọ inú ọkọ̀ náà?” Ó rò ó díẹ̀, ó sì wí pé, “Jésù ni.” Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Wọn kò sá fún Un bí Jónà ti sá. Ìgbọràn ni ó gbé wọn dé àárín ìjì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí omi nínú ilé ẹnìkejì rẹ̀, tí ó sì yára wí pé àìgbàgbọ́ ni ó fà á, kò tíì ka ìtàn yìí dé ìdí.

A tún wo Pétérù. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Olúwa tìkára Rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ náà ti tò: ọwọ́ ni Olúwa kọ́kọ́ nà sí i, lẹ́yìn náà ni Ó tó bá a wí. Kò dúró kí ìgbàgbọ́ Pétérù dàgbà kí Ó tó dì í mú. Igbe kúkúrú ni ẹni tí ń rì náà ké, kò sí àyè fún àdúrà gígùn, igbe náà sì tó.

Nígbà náà ni a sọ fún wọn nípa ìyá tí a bá wọkọ̀ ní òwúrọ̀. Ó bẹ̀rù láti ìbẹ̀rẹ̀ afárá dé òpin rẹ̀. Ẹni tí ó jókòó tì í sùn. Ṣé afárá gbé ẹni tí ń sùn, kí ó sì ju ẹni tí ń bẹ̀rù sínú ọ̀sà? Bí òpó rẹ̀ bá ti jẹrà, oorun ọ̀dọ́mọkùnrin náà kì bá tí gbà á. Bí ó sì ti dúró ṣinṣin, ìbẹ̀rù ìyá náà kò lè mú un wó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìgbàgbọ́. Agbára rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé, bí kò ṣe lọ́wọ́ Ẹni tí a gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìyá wa mí kanlẹ̀. Ó wí pé, “Mo gbọ́, Alàgbà. Ó tù mí nínú. Ṣùgbọ́n ti bíríkìlà ńkọ́?” A kò rí ìdáhùn tí ó tẹ́ wa lọ́rùn fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà. A gbàdúrà, a sì lọ sùn, òjò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí páànù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ní a fẹ́ rí ọ̀sà. Ọmọ náà fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé àwa àti ìyá rẹ̀ lọ sí èbúté Badore, tí kò jìnnà sí Ajah, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti máa ń gbé èrò sọdá sí Ijede. Òjò ti dá. Omi náà tẹ́ rẹrẹ, ó dúdú díẹ̀, kò sì ní ìbínú kankan lójú. Bí a ti dúró níbẹ̀, a rántí ọmọdékùnrin kan tí ó ti gba orí ọ̀sà yìí kan náà kọjá ní òru, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. A sì sọ ìtàn rẹ̀ fún ìyá wa.

Àjàyí ni orúkọ ọmọ náà. Ní ọdún 1821 ni ogun kó o ní Òṣoògùn, a sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Ikosi ní etí ọ̀sà. Gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní ọdún 1837, kò rí irú omi bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n ní kí ó wọ́ omi lọ sínú ọkọ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni pé ìṣísẹ̀ tí ó kàn ni yóò rì í. Ilẹ̀ ń ṣú, àwọn ọlọ́kọ̀ kò ní sùúrù, wọ́n gbé e jù sí àárín àpò àgbàdo, wọ́n sì fún un ní àbàlà kí ó fi ṣe oúnjẹ alẹ́. Kò yí padà ní bí wọ́n ti gbé e sí. Àbàlà wà ní ọwọ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì dàrú, títí wọ́n fi dé Èkó ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìdájí.

Ìṣọ́ kẹrin òru ni wákàtí náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rìn lórí ọ̀sà wá pàdé ọmọ náà. Ọjà ẹrú ni ó pàdé rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822 ni a tó kó o wọ ọkọ̀ àwọn ará Potogí láti gbé e lọ sí òdì kejì òkun. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ náà ṣí tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì fi mú un. A gbé Àjàyí àti àwọn ọmọ díẹ̀ lọ sínú ọ̀kan nínú wọn, èyí tí a ń pè ní Myrmidon.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rí àwọn tí a ti kó ṣáájú wọn. Wọ́n rí ẹran kan tí a so rọ̀, awọ rẹ̀ funfun. Wọ́n sì rí ohun róbótó-róbótó tí a tò sí ilẹ̀ ọkọ̀. Wọ́n gbà pé ẹran ara àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni èkínní, orí wọn sì ni èkejì. Ìbẹ̀rù bò wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sún mọ́ ọn, tí wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹran náà, ohun róbótó-róbótó náà sì jẹ́ ọta irin àgbá. Ọkọ̀ ìdáǹdè ni wọ́n wà, wọ́n sì rò pé ilé ajẹ̀nìyàn ni.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 1822 ni a sọ Àjàyí kalẹ̀ ní Freetown. A ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, ọjọ́ ìrántí Pétérù Mímọ́, a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Òun ni Samuel Àjàyí Crowther. Bíbélì Yorùbá tí a kà ní pálọ̀ ìyá wa ní alẹ́ àná, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ṣáájú nínú ìtumọ̀ rẹ̀.

Àwa tìkára wa ni ó kọ́kọ́ yé bí a ti ń sọ ọ́. Kí ni àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ṣe nígbà tí Olúwa ń bọ̀ lórí omi? Wọ́n kígbe pé iwin ni. Ìrànwọ́ tí wọ́n ti ń retí láti ìrọ̀lẹ́ dé, ìbẹ̀rù sì mú kí wọ́n pè é ní àjálù. Ìjì nìkan kọ́ ni ìyọnu ẹni tí ó wà nínú omi. Ìbẹ̀rù a máa gba ojú ènìyàn, kí ó má lè dá olùgbàlà rẹ̀ mọ̀.

Ẹ̀yin ará, a kò gbọdọ̀ sọ ìtàn yìí bí ẹni pé gbogbo ènìyàn ni ó rí bẹ́ẹ̀ fún. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Yorùbá ni a kó gba ojú òkun yìí kọjá tí ọkọ̀ kankan kò lépa wọn. Kì í ṣe pé igbe wọn kò tó. Àjàyí pàápàá kò tíì mọ orúkọ Jésù nígbà náà, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè wí pé títóbi ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó fa ọkọ̀ wá. Àánú ni. Ẹni tí ó bá rí àánú gbà kí ó dúpẹ́, kí ó má sì fi ṣe òṣùwọ̀n tí yóò fi wọn ẹni tí ó ṣì wà nínú omi.

Ìyá wa dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ń wo ọ̀sà. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun kan tí a kò retí. “Àbàlà yẹn, ṣé ó jẹ ẹ́?”

“Ohun tí ó kọ ni pé ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ bí ó ti jókòó,” ni a wí.

Ó mi orí. “Ebi á máa pa ọmọ náà, oúnjẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.” Ó yíjú sí ọmọ tirẹ̀, ó sì wò ó bí ẹni tí kò rí i láti ọjọ́ pípẹ́. “Ẹ̀ẹ̀mẹta ni o gbé e wá fún mi. Pe bíríkìlà náà.”

Ọmọ náà kò sọ ohunkóhun. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó sì lọ dúró ní ìkángun èbúté láti pè é, ṣùgbọ́n a rí i tí ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Kí a tó kúrò ní Thomas Estate ní ọjọ́ Ajé, bíríkìlà ti dé pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan, yanrìn àti sìmẹ́ǹtì ti wà ní ẹnu ọ̀nà, ìyá wa sì ń dín àkàrà fún wọn, ó ń kọrin bí ó ti ń dín in. Ó wí fún wa pé òun yóò bẹ Ọlọ́run nípa ẹ̀jẹ́ tí òun jẹ́, nítorí òun ti fi ẹnu sọ ohun tí Òun kò béèrè lọ́wọ́ òun. A kò ṣe ìlérí fún un pé omi kò ní wọlé mọ́. Ọ̀sà kò sún kúrò ní àyè rẹ̀, òjò ọdún tí ń bọ̀ yóò sì rọ̀. Ohun tí a sọ fún un ni pé nínú gbogbo àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ ọjọ́ náà, Pétérù nìkan ni a pè sórí omi. Àwọn yòókù kò kúrò nínú ọkọ̀ wọn. Máàkù sọ fún wa pé Olúwa rí wọn bí wọ́n ti ń ṣe làálàá pẹ̀lú àjẹ̀, kò sì sí ibi tí a gbé kà pé Ó bá wọn wí nítorí pé wọ́n ń wakọ̀. Èbúté kan náà ni Pétérù àti àwọn tí ó di àjẹ̀ mú jùmọ̀ gúnlẹ̀ sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá tí ń ka ìwé yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ yín, bí omi bá wọ ilé yín, ìbáà ṣe omi òjò, tàbí àìsàn, tàbí àìrí iṣẹ́ ṣe, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìgbàgbọ́ yín wọn ìwọ̀n ìgbì. Ẹ ké pe Olúwa, bí igbe náà tilẹ̀ kúrú. Ẹ di àjẹ̀ yín mú. Bí ẹ bá sì rí ohun kan tí ń bọ̀ nínú òkùnkùn tí ó dà bí iwin, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó lé e padà. Ó lè jẹ́ dókítà, ó lè jẹ́ aládùúgbò, ó sì lè jẹ́ ọmọ bíbí inú yín tí ó mú bíríkìlà lẹ́yìn.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọkọ̀ tún gun orí afárá. Ní tòótọ́, àwa náà di irin ìjókòó mú díẹ̀. Afárá náà sì gbé wa kọjá.